Ọmọ Ọ̀dọ̀ Inú Ògiri

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Àjíǹde ọdún 1997 ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Lọ́jọ́ náà, ìjọ wa ní Padova, nílẹ̀ Ítálì, lọ wo ilé olódi àtijọ́ kan lórí òkè.

Obìnrin tó ń mú wa kiri fi àwòrán ọlọ́rọ̀ tó kọ́ ilé náà hàn wá, ajá rẹ̀ sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ àwọn méjèèjì sábẹ́ àwòrán. Ó ní ọkùnrin yìí mọ ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ inú ògiri láàyè, nítorí pé ọmọ náà fọ́ àwo kan. Ó ní ẹ̀mí rẹ̀ ṣì ń sunkún níbẹ̀.

Ni Màmá Pásítọ̀ bá gbé ọwọ́ lé ògiri. "Ìwọ ẹ̀mí àìmọ́, mo dè ọ́ lórúkọ Jésù." Gbogbo wọn ṣe àmín.

Inú bí mi. Èmi náà ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé ìyá arúgbó kan. N kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò, àmọ́ n kò mọ ìgbà tí mo la ẹnu.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ṣé èyí tí wọ́n ti dè é kò tó ni? Ẹni tó pa á ló wà nínú àwòrán tí ẹ̀ ń yà ní fọ́tò yẹn."

Màmá wò mí. "Fúnmi, ìwọ lò ń sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Èmi ni, Mà."

Màmá gbé ọwọ́ wọn kúrò lára ògiri. Wọ́n ní kí n béèrè orúkọ ọmọ náà. Obìnrin tó ń mú wa kiri ní ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n kọ orúkọ ajá. Títí dòní, bí mo bá ń fọ àwo, inú ṣì máa ń bí mi.