Ènìyàn Méje Péré ni Verna Ń Wá

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Verna Coutermarsh fi se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ iléèwé Tabor Hollow, ní ìpínlẹ̀ Vermont. Ìdajì ìlú wa ló jẹ ẹ̀wà rẹ̀ dàgbà. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, tí kì í gbé ohùn sókè. Bí ó ṣe wá gbẹ̀san láìfọ́ fèrèsé ẹnikẹ́ni ni mo fẹ́ sọ.

Alden, ọkọ rẹ̀, ló ń wa ọkọ̀ ńlá tí ìlú fi ń gbá yìnyín kúrò lójú ọ̀nà. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣe é. Nígbà tó yá, Royce Haskins, alága ìgbìmọ̀ ìlú, tó ni kòtò tí wọ́n ti ń wa òkúta wẹ́wẹ́, ní kí ó máa bá òun gbá ọ̀nà gígùn tó wọ ilé òun pẹ̀lú. Alden dá a lóhùn pé ọkọ̀ ìlú kì í ṣe ọkọ̀ Royce. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìgbìmọ̀ fi wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọn kò pè é kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Merrill Gage ni wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta, gbogbo wa máa ń kó sí gbọ̀ngàn fún ìpàdé ìlú. Ibẹ̀ la ti ń yan àwọn olórí wa, tí a sì ń fọwọ́ sí ìnáwó ọdún. Lẹ́yìn náà a ó jẹun pọ̀, Verna ló sì ń se ẹ̀wà. Lọ́dún yẹn, ó jáde láti ilé ìdáná, aṣọ ìdáná ṣì wà lára rẹ̀, ó nawọ́.

"Mo fẹ́ mọ ohun tí ọkọ mi ṣe tí wọ́n fi lé e."

Winslow Peck, tó ń darí ìpàdé, mi orí. "Ìyá Verna, ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé tí a fi pe ìpàdé. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, a ò lè fọwọ́ kàn án lónìí."

Royce ò tilẹ̀ dìde lórí àga. "Verna, padà sídìí ìkòkò rẹ jàre. Mò ń gbóòórùn ẹ̀wà tó ń jó."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí n tó rí Alden tó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, tó ń wo ilẹ̀.

Alden kú nínú oṣù kọkànlá, kí yìnyín àkọ́kọ́ tó já bọ́. Ìwé ọdọọdún ìlú wa máa ń ní ojú ìwé kan níwájú, tí a fi ń bọlá fún ẹni tó sin ìlú tó sì ti lọ. Gbogbo ènìyàn rò pé àwòrán Alden ni yóò wà níbẹ̀. Afárá tuntun ni Royce fi síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí ìwé náà jáde ni Verna wọ kíláàsì mi. Ní ilé ìkàwé, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, mo máa ń kọ́ àwọn àjèjì tó fẹ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní ọ̀nà ìjọba. A ó fi ìdajì àkókò ka ìtàn, a ó fi ìdajì yòókù ka ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ náà: ohun tí gómìnà fọwọ́ sí, ohun tí ilé ẹjọ́ dá nù.

Senad, bíríkìlà kan láti Bosnia, dìde fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Màmá, ẹ ti ṣìnà. Kíláàsì àwọn àjèjì rèé."

"Mi ò ṣìnà, ọmọ mi. Inú ilé tí ẹ ń wá wọ̀ yìí ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ n kò mọ ibi tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ sí."

"Ẹ̀yin alásè?" ni Pabitra, nọ́ọ̀sì ará Nepal, wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Verna kò rẹ́rìn-ín.

Kò pa ọjọ́ kan jẹ. Ní ọjọ́ kan, mo ń ṣàlàyé pé láyé àtijọ́, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ilẹ̀ yìí, ohùn ni wọ́n fi ń dìbò. Ìwọ yóò dúró níwájú ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́, ìwọ yóò sì dárúkọ ẹni tí o fẹ́. Nítorí ìbẹ̀rù yẹn ni wọ́n ṣe wá ìbò ìkọ̀kọ̀.

Verna gbé orí sókè. "Tíṣà, ohùn la ṣì ń lò níbí. Bí Winslow bá ní kí ẹni tí kò fẹ́ Royce pariwo 'rárá', ta ni yóò pariwo? Ìdajì ìlú ló ń ṣiṣẹ́ ní kòtò rẹ̀."

Mo ṣí ìwé òfin ìpínlẹ̀ wa. Mo fi ìlà kan hàn án: bí ènìyàn méje tó lẹ́tọ̀ọ́ ìbò bá béèrè, adarí ìpàdé gbọ́dọ̀ fún wa ní ìwé láti fi dìbò.

"Méje péré?"

"Méje péré. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ dìde kí gbogbo ènìyàn rí wọn."

Ó kọ méje sínú ìwé rẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ títí bébà fi ya.

Ó fi odindi ọdún kan wá wọn. Senad, Pabitra àti àwọn méjì mìíràn nínú kíláàsì ti búra di ọmọ Amẹ́ríkà, orúkọ wọn sì ti wọ ìwé olùdìbò. Èmi ni ìkarùn-ún, Verna fúnra rẹ̀ ni ìkẹfà. Lyle Benoit, tó ń sin màlúù, bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ pé òun ni ìkeje.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Kò sí òórùn ẹ̀wà.

"Ìyá Verna, ẹ̀wà ńkọ́?" ni Winslow béèrè.

"Mo ti dá ìkòkò dúró lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò pè é kó wá sọ tẹnu rẹ̀."

Ẹ̀rín tó tẹ̀ lé e kò tẹ́ Royce lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta sí i, tí Pabitra sì dárúkọ Verna, Royce ní, "Ṣé orógùn ni yóò fi ṣàkóso ìlú?"

"Ìwé la fẹ́ fi dìbò," ni Verna wí.

Winslow wo ìwé òfin rẹ̀. "Kí àwọn méje tó ń béèrè dìde."

A dìde. Mo wo Lyle. Ó ń wo ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀. Royce fi ìka kà wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mẹ́fà. Ẹ kú ìgbìyànjú. Ẹ jókòó."

Verna kò jókòó. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Bí a bá jókòó báyìí, ohùn la ó fi dìbò, ọdún mẹ́ta mìíràn yóò sì wọ ọwọ́ Royce.

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, àga kan ha ilẹ̀. Merrill Gage ló dìde, Merrill tí Verna kò kí láti ọjọ́ tó ti gba kọ́kọ́rọ́.

"Merrill! Jókòó. Rántí ẹni tó fún ọ ní kọ́kọ́rọ́."

"Mo rántí, ọ̀gá. Mo tún rántí ọwọ́ ẹni tí ẹ ti gbà á."

A kọ ìbò wa, a ká a, a jù ú sínú àpótí. Verna ní mọ́kànlélọ́gọ́rin, Royce ní mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

Àwọn méjì tó kù nínú ìgbìmọ̀ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, wọ́n sì fi Verna ṣe alága. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìpàdé, ó ka ìdájọ́ Alden sókè, wọ́n dìbò, wọ́n sì fagi lé e. Ní iwájú ìwé ọdún tó tẹ̀ lé e, Alden wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà Verna mú ètò bí a ṣe ń gbá ojú ọ̀nà. Òkè Haskins, níbi tí ilé Royce wà, ló máa ń ṣáájú gbogbo rẹ̀. Ó gbé e sí ìparí.

Mo sọ fún un pé, "Ìyá Verna, ẹ̀san nìyí."

"Ẹ̀san ni, Tíṣà. A sì dìbò sí i ní gbangba."

Nínú oṣù kìíní, Royce wá sí ìpàdé, yìnyín ṣì wà ní èjìká rẹ̀.

"Verna, ó ń di ọ̀sán kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ mi!"

"Ẹ sọ orúkọ yín àti ibi tí ẹ ń gbé, ọ̀gá, fún àkọsílẹ̀."

"O mọ orúkọ mi."

"Àkọsílẹ̀ kò mọ̀ ọ́n."

Ó sọ ọ́. Verna yí aago kékeré tó fi máa ń se ẹyin sí ìṣẹ́jú mẹ́ta, iye tí gbogbo ará ìlú máa ń rí gbà. Royce sọ̀rọ̀, ó kálòlò, ó tún bẹ̀rẹ̀. Verna kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Aago dún.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta yín ti pé. Alden kò rí ẹyọ kan." Ó yíjú sí àwọn méjì tó kù. "Ṣé ẹni kan fẹ́ dábàá pé ká yí ètò náà padà?"

Àwọn méjèèjì ṣí ojú ìwé tó kàn. Royce dé fìlà, ó jáde, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Òtútù wọlé. Senad dìde láti lọ tì í.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni Verna wí, ó sì fa kóòtù rẹ̀ mọ́ra. "Ìpàdé gbangba ni."