Kámẹ́rà Tí Wọ́n Yí Sí Géètì

Wọ́n yí kámẹ́rà mi láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi, Sátidé tí wọ́n ṣe é ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Ojú ọ̀run ni mo kọ ọ́ sí lórí òrùlé ilé mi ní Otokiti, kí ó máa ya ìràwọ̀ tó ń já. Àbúrò mi Bọ́dé ní irú rẹ̀ ní Kabba. Bí méjèèjì bá rí ìràwọ̀ kan náà, a ó lè ṣírò ibi tí òkúta rẹ̀ bọ́ sí. Ẹyọ kan kò tó.

Nírọ̀lẹ́, iná ńlá kan la ojú ọ̀run já, gbogbo àdúgbò pariwo. Bọ́dé pè mí: "Òkun o, ẹ̀gbọ́n! Tèmi ti mú un! Tiyín ńkọ́?"

Mo sáré ṣí kọ̀ǹpútà. Ewúrẹ́ méjì ni mo rí, tí wọ́n ń jẹ èèpo iṣu lẹ́nu géètì. Mo dá fídíò náà padà: ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọwọ́ kan yí i.

Alága àwọn onílé kò tilẹ̀ sẹ́. "Tíṣà, olè kì í gba ojú ọ̀run wọlé. Èmi ni mo ní kí wọ́n yí i."

Alága, èsì ni mo ń bèèrè: ta ló fún yín láṣẹ orí òrùlé mi? Kí ló dé tí ẹ kò kan ilẹ̀kùn? Ta ni yóò sì bá wa wá òkúta náà nínú igbó?