Giramafóònù Tó Gba Ààyè Páánù

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí nílé ọkọ, kí ẹ tó sọ pé ẹnu mi mú jù.

Nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dàhòmì, koríko tó bo ilé wa ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀ ti gbó. Tí òjò bá ń rọ̀, ìkòkò ọbẹ̀ ni mò ń gbé kiri inú yàrá! Èmi àti Bàbá Àlàbí, ọkọ mi, wá fẹnu kò pé tí a bá ti ta àgbàdo, páánù la ó rà. Ó kó àgbàdo lọ sí Kútọnu.

Kí ló gbé dé? Giramafóònù! Àpótí dúdú tó ń dán, tó tóbi ju àpótí aṣọ mi lọ, pẹ̀lú bátìrì mọ́tò tí a ó máa gbé lọ gba iná ní Pọbẹ̀. Mo béèrè páánù. Ó ní ṣé n kò rí i pé àwọn ọmọ wa ń sá lọ sí Màsẹ̀ nírọ̀lẹ́, lọ́dọ̀ àwọn adẹ́mu, nítorí rédíò kékeré kan tó ń han gooro? Ó ní ohùn gidi ni yóò dá wọn dúró sílé.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọkọ mi kò tiẹ̀ wo òrùlé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó pe àwọn ọmọ wa, Àlàbí àti Àbẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn jókòó. Ẹ wá gbọ́ òfin! Ẹ bọ́ bàtà. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má sọ̀rọ̀. Orin bẹ̀rẹ̀, ó sì dùn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n orin ijó ni! Àbẹ̀kẹ́ dìde, ó ju ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà fò lórí àwo orin.

"Silánsì! Ẹ dákẹ́!" ni ọkọ mi pariwo. "Ta ló ní kẹ́ ẹ jó?"

"Bàbá, ẹ má bínú o," ni Àbẹ̀kẹ́ wí. "Kí wá ni ká fi orin ọ̀hún ṣe?"

Ọkọ mi tún gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà rántí omi tó fẹ́ pọn, òmíràn rántí ewúrẹ́ rẹ̀. Kí àwo tó parí, ó ku èmi àti ọkọ mi. Èmi gan-an, ẹsẹ̀ ló kú mọ́ mi lábẹ́.

Kò pẹ́, òjò dé. Igun kan ṣoṣo tí kì í jò nínú ilé, ibẹ̀ ni ọkọ mi gbé giramafóònù sí, ó tún fi ìró mi tó dára jù bò ó! Àbẹ̀kẹ́ ń gbọ̀n, ó ń wúkọ́. Inú bí mi gidigidi. Mo ní kí ọkọ mi sọ fún ìyàwó rẹ̀ tó wà níbi gbígbẹ kó dìde ro ọkà fún un lọ́la.

Àlàbí bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo Àbẹ̀kẹ́ tó ń wúkọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ẹ̀rọ náà lọ fún akọ̀wé kan ní Pọbẹ̀ tó ti ń bẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ ẹ. Páánù ló gbà bọ̀.

Òjò àkọ́kọ́ lórí páánù yẹn ńkọ́? Ariwo tó fẹ́ ya etí! Àbẹ̀kẹ́ ń jó láàárín yàrá, ilẹ̀ gbẹ, abẹ́rẹ́ kankan kò fò. Ọkọ mi ní ohùn yìí kò dáa tó ti ẹ̀rọ òun. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀: ó ń jó.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ dúró sílé, ẹ kọ́kọ́ bo ilé náà, kí ẹ sì jẹ́ kó jó níbẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni ọkọ tiyín rà bọ̀ dípò páánù? Ẹ sọ ọ́, kó má baà jẹ́ tèmi nìkan!