Ṣùkú Orí Asiata

Bí ẹ bá gbọ́ tí àwọn aláró Ìtòkú ń pe Tẹjúmádé ní ìyá ọlọ́mọ ọgbọ̀n, ẹ má rò pé ó bí ju ẹyọ kan lọ. Ẹyọ kan náà, Olújìmí, ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ ló ń gbé ní Èkó. Ọmọ àwọn aláró ni ọgbọ̀n tí wọ́n ń wí, àwọn tó ń kó jọ láràárọ̀ sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi Adépéjú náà bá a tọ́ wọn fún ọdún méjì gbáko, ẹnikẹ́ni kò sì fi mí jẹ ìyá ọlọ́mọ kankan. Kò dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ dé òpin, ẹ ó rí i pé n kò lẹ́nu láti sọ pé ó dùn mí.

Ọmọ katikíìsì ni Tẹjúmádé, Wásinmi ni wọ́n ti bí i. Ó ti ṣe tíṣà díẹ̀ kó tó fẹ́ Herbert, akọ̀wé rélùwéè, ibà sì pa Herbert lọ́dún tí ogun Hítílà parí. Nígbà tó padà sí Abẹ́òkúta, ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ìtòkú ló dé sí, fèrèsé yàrá rẹ̀ sì kọjú sí àgbàlá àwọn aláró. Ohun tó ń rí níbẹ̀ kò jẹ́ kó gbádùn. Àwọn ìyá á ti tẹ̀ba sórí ìkòkò aró láti òwúrọ̀, ọmọ ọdún méjì, ọmọ ọdún mẹ́ta, á máa rìn kiri láàárín ìkòkò, wọ́n á máa fọwọ́ kan gbogbo ohun tójú wọn bá rí. Agolo sódà sì wà níbẹ̀. Sódà yìí ni wọ́n ń pò mọ́ aró kó lè mú aṣọ dáadáa, àmọ́ bó bá kan ara èèyàn, awọ ibẹ̀ á bó. Ìyá kan kò lè máa rẹ aṣọ kó tún máa sáré tẹ̀lé ọmọ.

Ó bá lọ bẹ àwọn àgbà ìjọ pé kí wọ́n fún òun ní yàrá tí wọ́n ń kó bẹ́ǹṣì tó ti kán sí. Wọ́n rò ó, wọ́n tún un rò, wọ́n gbà. Ẹni tó fẹ́ dí i lọ́wọ́ ni hẹdimásítà ilé ìwé ìjọ, Ọ̀gbẹ́ni Theophilus, tó ń bẹ̀rù pé jẹ́lé-ó-sinmi yìí á gba ọmọ mọ́ òun lọ́wọ́. Wọ́n wá fi àdéhùn sí i. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń mọ ọmọ tó tó ilé ìwé í lọ: á gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá, bó bá ti fi kan etí òsì, ó ti tó. Wọ́n ní ní gbogbo oṣù kìíní ọdún, kí Tẹjúmádé yẹ àwọn ọmọ rẹ̀ wò, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kan etí kò gbọdọ̀ jókòó sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Kó lọ san owó ilé ìwé, tàbí kó lọ sílé.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ti ka Standard Six, mo sì mọ̀ pé mo kà á. Nílé wa, bàbá mi kì í na ọmọ tó fọ́ àwo, ọmọ tó bá purọ́ nípa àwo ni yóò rí pàṣán. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dàgbà. Bí Àǹtí Tẹjú bá ní kí àwọn ìyá gbé ọmọ dé ní aago méje, tí ìyá kan bá gbé tirẹ̀ dé lẹ́yìn àkókò náà, èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo á fajú ro. Àǹtí Tẹjú á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, á ní, "Ẹ kú ọ̀nà o. Àṣé ọmọ mi ti jí." Inú á máa bí mi bí nǹkan míì.

Iṣẹ́ wa kò ju kí a fún wọn ní ògì, kí a kọ́ wọn ní orin àti kíkà, kí wọ́n sùn lọ́sàn-án, kí ọwọ́ wọn mọ́. Ọwọ́ mímọ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, torí aláwọ̀ aró ni ìka gbogbo wọn. Àǹtí Tẹjú ṣe orin kan fún un: "Ọwọ́ mi rèé, ẹ wá wò ó, mo fọ̀ ọ́ tán kí n tó jẹun." Asiata ló máa ń lé orin náà. Ọmọ Sàlàhúdíìnì tó ń bá wọn wa yanrìn ní Papalanto ni, ìyá rẹ̀ sì ń rẹ aró fún aláró mìíràn, kò tíì ní ìkòkò tirẹ̀. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ni, ọwọ́ gígùn, ẹsẹ̀ gígùn, ohùn rẹ̀ kò sì bá ara rẹ̀ dọ́gba. Bó bá gbẹ́nu sókè, àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ ọjà á ní, "Asiata ti fẹ́ jẹun." Mo fẹ́ràn ọmọ náà. Mo sọ ọ́ nítorí ẹ lè máà gbà mí gbọ́ tó bá yá.

Ohun kan wà tí mo rí ní oṣù kìíní ọdún 1948 tí kò yé mi. Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, gbogbo ọmọbìnrin àwọn aláró ló di ṣùkú wá, ṣùkú gíga tó dúró gbọn-in láàárín orí. Àwọn ọkùnrin dé fìlà onírun nínú ọyẹ́. Mo tilẹ̀ yin àwọn ìyá wọn pé wọ́n mọ ọmọ tọ́jú lọ́dún tuntun. Àwọn obìnrin náà wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ méjì péré ni ọwọ́ wọn kan etí lọ́dún yẹn, àwọn méjèèjì ní bàbá tó lówó ilé ìwé.

Nígbà tí oṣù kìíní ọdún 1949 dé, wọ́n ránṣẹ́ láti Wásinmi pé ìyá Àǹtí Tẹjú ṣubú, kò lè dìde. Àǹtí Tẹjú sáré di ẹrù. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ẹnu ọ̀nà kó tó rántí àyẹ̀wò ọjọ́ Ajé. Ó ní, "Péjú, ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe é." Mo ní kó má fòyà, pé mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Lọ́jọ́ Ajé, mo to àwọn ọmọ sórí ìlà. Ó kan Asiata. Ó gbé ọwọ́ gba orí kọjá, ọwọ́ náà gun ṣùkú, ó sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì, ó ku ìka kan kó kan etí. Ǹ bá jẹ́ kó lọ jókòó. Àmọ́ mo wo apá ọmọ yìí, mo wo ṣùkú, mo ní rárá o. Mo fọwọ́ tẹ ṣùkú náà, ó rọ̀ bí ìrọ̀rí. Mo tú u níṣojú àwọn ọmọ yòókù, mo sì bá àkísà àdìrẹ tí wọ́n ká roboto sínú irun ọmọ. Ara mi gbóná. Mo ní, "Ẹ wo jìbìtì." Ọmọ náà kò mọ ohun tí ń jẹ́ jìbìtì, ó ṣáà ń wò mí. Mo ní kó gbé ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọwọ́ kan etí ṣánṣán.

Mo ní kó lọ sílé. Kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi dé, aró ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú ọmọ dání. Ó kúnlẹ̀ fún mi, ẹni tó tó ẹ̀gbọ́n mi.

"Tíṣà kékeré, ẹ dákun. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, apá rẹ̀ ló gùn. Bàbá rẹ̀ ní lọ́dún tó ń bọ̀ lòun ó fi í sílé ìwé."

"Ẹ dìde, mà. Àdéhùn ìjọ kò ka ọdún, etí ló ń wò."

"Tíṣà àgbà mọ̀ sí i," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Kí ni wọ́n mọ̀ sí?"

"Ṣùkú náà. Àwọn ló ní ká máa dì í."

Ẹ gbọ́, mo fi "ẹ" bá obìnrin yìí sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀kọ́ ilé kò kúrò lára mi. Àmọ́ èébú wà nínú "ẹ" náà. Mo ní, "Ẹ má pa irọ́ mọ́ ọmọ katikíìsì. Èyí tí ẹ fi sórí ọmọ yín ti tó." Kò tún bẹ̀ mí mọ́. Ó gbé Asiata pọ̀n, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wọ́lẹ̀, ó ní, "Ó da, ẹ kú iṣẹ́," ó sì lọ. Mo padà sínú yàrá, mo yọ orúkọ ọmọ náà kúrò nínú ìwé, inú mi sì dùn pé mo ṣe ohun tó tọ́.

Ọjọ́ méjì ni ìyá rẹ̀ fi ọ̀já so ó mọ́ òpó ní àgbàlá aró kó má baà rìn kiri. Ọmọ náà sunkún títí ohùn fi há. Lọ́jọ́ kẹta, àánú ṣe ìyá, ó tú u sílẹ̀. Ó yíjú sí aṣọ tó ń sá, nígbà tó máa fi yíjú padà, Asiata ti gbé ife tánganran kan tó wà lẹ́bàá ìkòkò, ó ti dà á sẹ́nu. Omi ló pè é. Omi sódà ni. Wọ́n rọ epo pupa sí i lẹ́nu, wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Igbe ìyá rẹ̀ ni mo gbọ́ láti yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lásìkò tí àwọn ọmọ ń fọwọ́. Ọmọ mìíràn ló ń lé orin.

Àǹtí Tẹjú dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Èmi fúnra mi ni mo ròyìn fún un, n kò yọ ọ̀kan kúrò. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀.

Ó ní, "Òótọ́ ni obìnrin yẹn sọ. Èmi ni mo kọ́ wọn ní ṣùkú."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi, Àǹtí?"

"Mo rò pé o máa lọ sọ fún hẹdimásítà."

Èyí gan-an ló pa mí, torí pé mo máa sọ ọ́. Ǹ bá ti wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi lọ sọ ọ́. Ó ní òun ló jẹ̀bi, pé òun fi ohun tó yẹ kí òun sọ síkùn. Ó lọ bá àwọn àgbà ìjọ, ó jẹ́wọ́ ṣùkú, ó jẹ́wọ́ fìlà, kò dárúkọ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kó àwọn ọmọ aláró lọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, níbi tí hẹdimásítà kankan kò ti lè wọn orí ẹnikẹ́ni. Títí dòní, ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ ń sọ pé irọ́ Tẹjúmádé ló ba jẹ́lé-ó-sinmi jẹ́. Irọ́ rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Òótọ́ tèmi ló ṣe é. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, èmi sì ti ń bá tèmi jẹun láti ọjọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni wọ́n tó gbé Asiata kúrò nílé ìwòsàn. Àǹtí Tẹjú ní kí n bá òun lọ kí wọn. Mo ní n kò lè lọ. Ó ní, "Ìwọ gan-an ló yẹ kó lọ." A bá ọmọ náà lórí ẹní, ó rù kan egungun. Ògì tó ṣàn nìkan ló ń gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá, ìyá rẹ̀ sì ní wọ́n ti sọ pé ohùn náà kò ní padà mọ́. Wọ́n ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀ bó ti kúnlẹ̀ fún mi, kò lé mi, kò sì ní kí n dìde.

Asiata rí mi. Ó tiraka, ó dìde jókòó. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé e gba àárín orí kọjá, orí tí kò sí irun kankan níbẹ̀ mọ́. Bí ọwọ́ náà ti fẹ́ kan etí, ó ká gbogbo ìka rẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kí wọ́n má baà dé ibẹ̀. Ó wá ń wò mí lójú.

Àǹtí Tẹjú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kò dé, Asiata. Mo rí i, kò dé rárá." Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò wò ó, èmi ló ń wò. Mo fẹ́ sọ ọ́, ẹkún kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́. Apá rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kò sì sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, ó ń dúró dè mí.