Ìdánwò Mẹ́ta tí Àǹtí Àtọ́kẹ́ Jó

Bẹ́ ẹ bá dé Bẹ́yẹrúnká lónìí tẹ́ ẹ dárúkọ Àǹtí Àtọ́kẹ́ aránfìlà, kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ gan-an á máa sọ ọ́ bíi pé òun náà kúnlẹ̀.

Ìdánwò ijó ni, báléè, ijó òyìnbó tí wọ́n ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ jó. Inú gbọ̀ngàn kan ní Òkè Padre ni wọ́n ti ṣe é. Ọmọdébìnrin márùn-ún tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlá ló fẹ́ ṣèdánwò náà, Àǹtí Àtọ́kẹ́ tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta sì ṣìkẹfà wọn. Mísì Rachel tó ń kọ́ wọn ti kìlọ̀ títí: ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ o, tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ kàn tẹ eékún díẹ̀ kí ẹsámínà, kẹ́ ẹ nà ró padà.

Àǹtí Àtọ́kẹ́ ní, "Ìkúnlẹ̀ ààbọ̀ kẹ̀, Mísì? Ta ni wọ́n ń fi í kí ní Ìbàdàn yìí? Àfojúdi nìyẹn."

Bí wọ́n ṣe wọlé, àwọn ọmọ tẹ eékún. Àǹtí fi eékún méjèèjì lélẹ̀ gbì. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú ewu ọ̀nà Èkó." Ẹsámínà náà, Mísì Ìrètíolúwa, kò lè ju ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lọ, ọmọ Yorùbá sì ni. Ó rí àgbà lórí eékún níwájú ẹ̀, ló bá fò kúrò lórí àga, òun náà kúnlẹ̀ lẹ́yìn tábìlì.

"Ẹ dìde, mà! Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!"

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dìde, mà. Ọwọ́ yín ni máàkì wà."

"Mi ò lè dìde kẹ́ ẹ wà nílẹ̀, mà."

"Ó dáa náà. Ká jọ wà ńbí."

Àwọn ọmọ márààrún wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, gbogbo wọn bá kúnlẹ̀. Orin ń dún lọ ní tiẹ̀. Mísì Rachel tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó yọjú wolé. Nígbà tó rí gbogbo wọn lórí eékún, ó dijú, ó ní, "Àmín."

Mọ́kàndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún ni Àǹtí gbà. Ẹni tó bá gba ogójì ló yege. Ó ní máàkì ìkíni nìkan nìyẹn, wọn ò tíì ka ijó mọ́ ọn.

Bushrah, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló mú un débẹ̀. Ìyá Bushrah ló ní kí wọ́n máa mú ọmọ náà lọ kọ́jó lọ́jọ́ Sátidé. Àǹtí á mú un lọ, á jókòó sẹ́yìn, á máa fọwọ́ rán etí fìlà, àmọ́ ojú ẹ̀ ò ní kúrò lára àwọn tó ń jó. Lọ́sẹ̀ kẹrin, Bushrah ní òun ò ṣe mọ́, ẹsẹ̀ ń dun òun. Nígbà tí Sátidé pé, Àǹtí nìkan ló wọlé.

Mísì Rachel ní, "Màmá, Bushrah dà?"

"Ó ti sá. Ẹ jẹ́ n bá a parí ẹ̀."

Wọ́n ní kí gbogbo ọmọ di irun wọn sókè bí òṣùká kékeré. Mùsùlùmí tó ń pa orí ẹ̀ mọ́ ni Àǹtí, kò ní ṣí orí sílẹ̀ tìtorí ijó. Ló bá mú aṣọ dúdú, ó rán fìlà tó bo etí, ó ki òwú sórí ẹ̀, òṣùká dé. Ọmọ kan fọwọ́ kàn án.

"Màmá, irun yín mà le o."

"Mo rán an dáadáa ni."

Nígbà tóṣù yẹn fi máa parí, ọmọ mẹ́ta ti bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn rán irun tàwọn náà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn jù ni Tísà Gàfárù, àbúrò Àǹtí, tó jẹ́ igbákejì ọ̀gá ní ilé-ìwé girama kan. Lọ́jọ́ kan, ó mú tísà ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ń jẹ́ Nojeem wá sílé. Wọ́n bá Àǹtí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ó di irin mú, ẹsẹ̀ kan wà lẹ́yìn, ọwọ́ kan wà lókè, kò sì mira.

Nojeem ní, "Gàfárù, ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan. Wọ́n ń ká aṣọ lórí okùn ni."

Nojeem wòkè, ó wòsàlẹ̀. "Okùn dà?"

Nígbà tí àlejò lọ, Gàfárù jókòó ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ wo ọjọ́ orí yín. Kí lẹ fẹ́ fi ìwé ẹ̀rí ijó ṣe?"

Àǹtí já òwú, ó fi sí ojú abẹ́rẹ́. "Lọ́jọ́ tá a fẹ́ ṣèdánwò ìwé mẹ́fà, ara ẹ gbóná bí iná. Ìyá wa ti lọ sọ́jà. Mo gbé ẹ pọ̀n títí di ìrọ̀lẹ́, ìdánwò sì lọ. Mi ò bá ẹ bínú o, ọmọ ọdún kan ni ẹ́. Àmọ́ mi ò tíì yege ìdánwò kankan láyé mi, Gàfárù. Ẹyọ kan péré ni mo fẹ́."

Gàfárù tó ti ń máàkì ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ láti ogún ọdún sẹ́yìn kò bá a jà mọ́. Àmọ́ kò lọ wòran ẹ̀ rí, ojú ń tì í.

Nínú ìdánwò kejì, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló gbà. Ìbá gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ láàárín ijó, okùn bàtà ọmọ iwájú ẹ̀ tú. Àǹtí dúró, ó bẹ̀rẹ̀, ó bá a so ó, kókó méjì. "Kí ọmọ ọlọ́mọ wá fi ẹnu gbálẹ̀ torí máàkì?"

Kí ìkẹta tó dé, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń wú. Dókítà ní ọkàn ẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, kó lọ sinmi. Ó ní òun á sinmi tóun bá ṣèdánwò tán. Ó jó o láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìsọ̀rọ̀. Àwa tá a jọ ń gbé agboolé ò gbà á gbọ́: Àtọ́kẹ́, kó dákẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú!

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, ó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Mísì Rachel mú lẹ́tà èsì wá, kò lè kà á, ó nà án sí Gàfárù.

Àǹtí ní, "Kà á."

"Ẹ yege, Àǹtí mi."

"Mélòó?"

"Àádọ́rùn-ún."

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Tísà ni ẹ́, Gàfárù, o ò sì mọ irọ́ pa. Ta ló ń fún ẹlẹ́sẹ̀ wíwú ní àádọ́rùn-ún? Ka èyí tí wọ́n kọ."

Gàfárù wo ìwé náà pẹ́. "Méjìdínlógójì, mà."

"Ó ku méjì."

"Ó ku méjì, mà."

"Ṣó o wá rí i pé òkè ni mò ń lọ? Lọ bá mi forúkọ sílẹ̀ fún ti Nòfẹ́ńbà. Kó o kọ ọ́ dáadáa o, ìkọ̀wé ẹ ò dáa."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Gàfárù lọ. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ẹ̀ la sin Àǹtí Àtọ́kẹ́.

Nígbà tí Nòfẹ́ńbà dé, Gàfárù gun Òkè Padre lọ láti lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n yọ orúkọ náà kúrò. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wọ gbọ̀ngàn ijó náà nìyẹn. Ó sọ ọ́ tán fún Mísì Ìrètíolúwa, ó kí i, ó sì yẹ kó máa lọ. Kò lọ. Ó yíjú sí Mísì Rachel.

"Ibo ni Àǹtí mi máa ń dúró sí?"

"Ìlà ẹ̀yìn, sà. Lẹ́bàá fèrèsé."

Gàfárù bọ́ bàtà, ó rọra rìn lọ síbẹ̀, ó dúró. Ẹsámínà wò ó, kò ní kó jáde. Ó ní kí wọ́n fi orin sí i. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí jó. Gàfárù ò jó o, kò tiẹ̀ mọ ìkankan níbẹ̀. Ó kàn dúró, apá méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ orí ba, omi ojú ń kán sí iwájú agbádá ẹ̀.

Ọmọ tó wà níwájú ẹ̀ yí ọrùn padà díẹ̀, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí ẹsámínà má baà gbọ́:

"Ẹ gbórí sókè, sà. Màmá máa ń gbórí sókè."

Ó gbé e sókè.