Máàpù Òkè Tí Bàbá Mi Ń Fi Ìka Rìn

Bàbá mi kì í fẹ́ẹ̀ bá ènìyàn sọ̀rọ̀ mọ́, àfi bí a bá tẹ́ máàpù rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fún un. Máàpù àtijọ́ ni, ti àwọn òkè àti igbó tí ènìyàn kì í gbé, lápá ibi tí ilẹ̀ wa ti bá ti Kamẹrúùnù pààlà. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó bá àwọn awọnlẹ̀ fa ṣéènì tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ níbẹ̀. Á máa fi ìka tọ ọ̀nà tí wọ́n gbà, á máa sọ odò tí wọ́n là kọjá àti ibi tí òtútù ti fẹ́ẹ̀ pa wọ́n. Èmi tí mò ń bá àwọn oníbàárà gba ẹrù ní èbúté Tin Can, bí mo bá fi orí fífọ́ wọlé, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni mo máa ń fẹ́ gbọ́.

Ní Ajégúnlẹ̀ níbí, òjò kì í rọ̀ kí omi má wọlé bá wa. Lọ́dún yìí, ó kan bẹ́ẹ̀dì, díẹ̀ ló kù kó ba máàpù Bàbá jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń tajà ní Amukoko ní òun máa lọ fi ọ̀rá bo máàpù náà, bí a ti ń ṣe sí sátífíkéètì. Obìnrin yìí, bí wọ́n bá gbà fún un, á fi ọ̀rá bo ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi dùn sí i.

Nígbà tó gbé e dé, ó ti di mẹ́rin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ṣe báyìí?"

"Maṣíìnì wọn ò gbà á, wọ́n bá ní kí àwọn gé e. Ṣebí a máa tò ó pọ̀ ni? E no go spoil again láéláé."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò lágbára ìjà, ìfẹ́ ló sì fi ṣe é.

A tò ó síwájú Bàbá. Ìka rẹ̀ ń yọ̀ lórí ọ̀rá náà.

"Ibí la sùn. A la odò yìí kọjá."

Ó dé ibi tí wọ́n gé, ó dúró. Mo yára ti ègé kejì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n etí ọ̀rá kò jẹ́ kí wọ́n kan ara wọn. Ó wo àlàfo náà títí, ó wá ká ọwọ́ sí àyà.

"Ẹ máa lọ," ó sọ fún àwọn tí èmi ò rí. "Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ fi mí sílẹ̀ síbí."

A ṣì ń tẹ́ ẹ fún un. Kò fọwọ́ kàn án mọ́, kò sì bá wa sọ̀rọ̀.