Ìdí Ọkọ̀ Tó Wà Nínú Ẹrẹ̀

Káfíńtà ni mí ní Ọ̀jọ́ nígbà náà, ọdún bíi mélòó kan kí òmìnira tó dé. Bàbá ìyàwó mi ní kí n bá àwọn fi igi gbẹ́ tọ́ọ̀gì kékeré kan. Tọ́ọ̀gì ni ọkọ̀ tó máa ń fa àwọn ọkọ̀ ńlá wọ èbúté Èkó. Èyí tí bàbá bá ṣiṣẹ́ láyé ọjọ́un ní wíìlì ńlá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó fi ń gbá omi. Wọ́n fẹ́ máa wò ó nínú pálọ̀.

Mo gbẹ́ òkè rẹ̀ láìlàágùn. Ìgbà tó kan ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Mo bi bàbá bí abẹ́ ọkọ̀ náà ṣe rí, bóyá ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ ni tàbí ó rí roboto bí igbá. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń da èédú síná nínú rẹ̀, wọn ò rí abẹ́ rẹ̀ rí. Wọ́n ní ẹni tó bá rí abẹ́ ọkọ̀ tó wọ̀, ọkọ̀ ọ̀hún ti dojú dé nìyẹn.

Tọ́ọ̀gì ògbólógbòó kan wà létí ọ̀sà wa tí wọ́n ti pa tì, ẹrẹ̀ sì ti gbé e mì dé àyà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí omi fà, èmi àti bàbá gbé ṣọ́bìrì, a lọ ń gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A ò tíì jìnnà tí obìnrin kan tó ń ru gbágùúdá bọ̀ láti Ìbà fi dúró, ó bi wá pé kí là ń wá.

Bàbá ò gbójú sókè. "Ìdí ọkọ̀ yìí là ń wá."

Obìnrin náà rò ó wò. Lójú tirẹ̀, àgbàlagbà kì í wọ ẹrẹ̀ dé itan nítorí ìdí lásán. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó lọ pe ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ pe àwọn apẹja Ègùn tó wà nítòsí. Ẹnì kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Okokomáíkò náà sọ̀ kalẹ̀, ó ká ṣòkòtò. Kí oòrùn tó kan àtàrí, èrò ti ń gbẹ́ ní òdìkejì. Àwọn kan ní wúrà òyìnbó ló wà níbẹ̀, àwọn kan ní òkú ọ̀gá ọkọ̀ ni. Mo ṣàlàyé títí pé abẹ́ rẹ̀ nìkan la fẹ́ wò. Apẹja kan fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní òun náà kì í sọ ibi tí ẹja wà.

Wọ́n gbẹ́ ẹ kọjá ààlà. Ọkọ̀ náà kérora, ó rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sọ́dọ̀ wọn. Gbogbo wọn sá, kò sẹ́ni tó fara pa. Ẹ̀gbẹ́ tiwa wá gbéra sókè, abẹ́ ọkọ̀ sì hàn gbangba: irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra bí ìpẹ́ ẹja, orí ìṣó tó lọ gbọọrọ, àti irin gígùn kan tó la àárín já bí eegun ẹ̀yìn. Ibi tí mo ti ń wò ó ni omi ti ń kún bọ̀. Kò pẹ́ tó fi bo gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí a ń fọ ẹsẹ̀, mo ní ó ti yé mi, pẹrẹsẹ ni. Bàbá ní roboto ni. Àwa méjèèjì la sì jọ wò ó. A jiyàn délé, a jiyàn nídìí oúnjẹ, ó ku díẹ̀ kí wọ́n gba ọmọ wọn lọ́wọ́ mi. Ìyá ìyàwó mi, tí wọn ò tiẹ̀ kúrò nílé lọ́jọ́ náà, gbọ́ ọ títí ó fi sú wọn.

"Èyí tí kò ní yí bọ́ lórí tábìlì mi ni kí o ṣe," wọ́n wí fún mi.

Mo ṣe é ní pẹrẹsẹ. Bàbá gbà á, wọ́n dúpẹ́. Ṣùgbọ́n títí wọ́n fi kú, bí àlejò bá ti yin ọkọ̀ náà, wọ́n á ní àna àwọn mọ iṣẹ́, ojú rẹ̀ nìkan ni kò ríran dáadáa.